Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Yín

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí èrò ọ̀nà kọjá láìkí,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀? Ara Màámi le. Ẹnu wọn náà ṣì mú bí abẹ, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn wà lẹ́nu mi o. Ọmọ yín ti di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Ìkẹ́rẹ́ yìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, gbogbo ìwé ló fẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà jáde: lẹ́tà ìwáṣẹ́, ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá mi, ìyá kan tó ti Èkó padà wálé, ló ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì kọ́ mi níṣẹ́. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára, Bàámi. Bí mo bá ti ń tẹ bọ́tìnnì, tí ọ̀rọ̀ ń tò lọ lójú gíláàsì, inú mi á máa dùn ṣìnkìn.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí fẹ́ gba ojú mi. Ẹ mọ ibi tí Ọ̀gá gbé kọ̀ǹpútà kà? Lórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga, bí ẹni gbé tẹlifíṣọ̀n sí pálọ̀! Wọ́n fi aṣọ kúróṣè bò ó lórí, wọ́n kọjú rẹ̀ sí títì, kí gbogbo ìlú lè rí i pé ọ̀làjú ti dé. Èmi wá kẹ̀yìn sí fèrèsé, pátákó bọ́tìnnì rẹ̀ wà lórí itan mi, mo gbọ́rùn sókè bí adìyẹ tó ń mumi. Oòrùn á gba ẹ̀yìn mi wọlé, á máa tàn yanran lójú gíláàsì. Nígbà tó yá, ọrùn mi gan, ojú mi pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ pòròpòrò. Bó bá di ọ̀sán, ìlà kan á di méjì.

Ọ̀gá kì í ṣe ìkà o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ra mílíìkì alágolo fún mi, wọ́n ní òun ló ń fọ májèlé kọ̀ǹpútà kúrò lára, bí àwọn tó ń kun ọ̀dà ṣe máa ń mu ún. Mo mu ún títí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, ojú kò sàn! Màámi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n má baà fọ́jú bí Ìyá àgbà, ìyá tó bí yín. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo rántí bí a ṣe máa ń di ọ̀pá wọn mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún, Bàámi. Mi ò fẹ́ pàdánù ojú, mi ò sì fẹ́ pàdánù iṣẹ́.

Mo bá gba ọsibítù lọ, sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ojú kò tíì bàjẹ́, àárẹ̀ ló mú un. Wọ́n bi mí bí mo ṣe ń jókòó síṣẹ́. Mo ṣe é fún wọn, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní kí n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ títí ojú mi á fi máa wò ó nísàlẹ̀ díẹ̀, kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n máa ṣẹ́jú dáadáa, kí n sì máa gbórí sókè lóòrèkóòrè, kí n wo ọ̀nà jíjìn.

Hẹ̀n-ẹ́n! Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mò ń rí. Ẹ̀yin nídìí máṣíìnì ìránṣọ, fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ẹ bá ti rán ojú kan tán, ẹ ó gbórí sókè, ẹ ó kí ẹni tó ń kọjá: ẹ kú ìrìn o, ará ulé ń kọ́? Màámi á máa bínú pé ìkíni ni kò jẹ́ kí aṣọ Kérésì tán. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú lẹ̀ ń sinmi ni, àbí ẹ kàn fẹ́ràn ènìyàn? Títí ẹ fi papò dà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá kò gbà. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò rí i láti títì? Ẹ sì mọ orí kunkun mi. Mo gbé tábìlì kékeré tí ẹ máa ń kó aṣọ oníbàárà lé, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di ṣọ́ọ̀bù. Kí Ọ̀gá tó dé láàárọ̀, kọ̀ǹpútà ti wà lórí rẹ̀, fèrèsé ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n pòṣé, wọ́n gbé àga wọn lọ sí kọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ ojú ìwé kan tán, mo gbórí sókè, mo kí ẹni tó ń kọjá. Ta ni wọ́n máa kí ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní dúró? Ọ̀kan dúró, ó bèèrè ohun tí mò ń ṣe, ó rántí pé òun ní lẹ́tà láti tẹ̀. Òmíràn mú ètò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ọ̀gá alára ti gbé àga wọn sójú fèrèsé, wọ́n ń bá mi kí èrò!

Ojú mi ti mọ́ báyìí. Ìlà kan ti padà di kan. Lánàá mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún Màámi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n wò mí títí. Màámi ẹlẹ́nu mímú, Bàámi, wọn ò sọ̀rọ̀! Omi ló lé ròrò sí wọn lójú.

Nígbà mìíràn, bí mo bá gbórí sókè, kò ní sí ẹnikẹ́ni lójú títì, àfi Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yin ni mo máa ń kí nígbà náà.

Ẹ kú ìrìn o, Bàámi. Ará ulé wà o.

Èmi àbíkẹ́yìn yín, tó fẹ́ràn yín tọkàntọkàn.