Awọ Ẹ̀yìn Ológbò Ìyá Wa

Lábíkẹ́,

Mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti rí dókítà ẹran. O ṣì ń sùn nígbà tí mo tú ọgbẹ́ ológbò tí ìyá wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Awọ tí dókítà gé láti ìhà rẹ̀, tó fi bo ibi tí epo gbígbóná ti bó o lẹ́yìn, ti dúdú, ó sì tutù. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ológbò náà ò tilẹ̀ mira.

Má fi omi gbígbóná jó o mọ́. Ìwọ́ ọmọ tuntun là ń jó, kì í ṣe ọgbẹ́ ológbò. Má sì fi ọ̀já dì í mọ́, ọ̀já ló fún awọ náà tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ráyè dé ibẹ̀.

Ẹja wà nínú ìkòkò kékeré. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí ìwọ jẹ ẹ́.

N ò rò pé dókítà á rí nǹkan kan ṣe sí i.

Má sunkún pé ìwọ lo dì í. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tó ń ké, tí mo ní kí o fà á le sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ajíbádé