Òkúta Dúdú Tí Mo Gbá Dànù

Kílódé, bí a ṣe ń pè ọ́, àkọ́bí mi, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o bi wá ní ìbéèrè kẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin!

Ọmọbìnrin rẹ ti ga jù mí lọ. Òun náà á máa béèrè kí ló dé, kí ló dé, títí ìyá rẹ̀ á fi ní kó lọ fọ abọ́. Ìyàwó rẹ ti kan òrùlé ilé tí o fi sílẹ̀. Inú ẹ̀ la wà báyìí, òjò ò pa wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ. Ọjọ́ kẹta tí a sin ọ́, mo ní kí n tún yàrá rẹ ṣe. Mo rí nǹkan dúdú bíńtín nínú ìgò oògùn. Mo ṣe bí èédú ni. Mo dà á sílẹ̀, mo gbá a dànù, mo fọ ìgò, mo tún ń kọrin! Lọ́sẹ̀ kejì ni Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ìwádìí, wá béèrè òkúta tí o fi oṣù méje sè nínú iná ìléru. Mo ní n kò rí i. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi.

Láti ìgbà náà ló ti ń se òmíràn látinú ìwé rẹ. Ó fọ́, ó tún un sè. Ó fọ́, ó tún un sè! N kò lè ka ìwé yẹn, n kò lè ràn án lọ́wọ́, n kò lè jẹ́wọ́. Tó bá wá kí wa, mo kàn ń bu omi fún un, mo ń wo bàtà ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ó mú mi lọ síbi iṣẹ́ yín. Wọ́n gba gbogbo irin ara mi, títí kan píìnì tí mo fi há ìró, kí òòfà ńlá tó wà níbẹ̀ má baà já a gbà. Òkúta tuntun tó sè wà nínú ẹ̀rọ òtútù. Wọ́n fi iná mànàmáná sí i lápá kan, kò dé apá kejì. Onígíláàsì ní àwọn ohun tó ń gbé iná rìn wà nínú ẹ̀, ìdè ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, òòfà ló máa tú u. Wọ́n fún òòfà lágbára, wọ́n tún fún un sí i. Iná kọjá bí ẹni gba inú irin! Gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí nínú ìwé rẹ! Ni mo bá bú sórin:

Òkúta jókòó, ó lóun ò lọ,
Òòfà dé, ó dirin, ó ń lọ.

Wọ́n pa òòfà, ó tún padà di òkúta. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú: “Ìyá, mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn. Ìgò náà mọ́ jù.”

Ó foríjì mí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ṣẹ̀, ibo ni kí n kúnlẹ̀ sí? Mo ń kọrin kiri ilé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, omi ń bọ́ lójú mi, n kò rí ọ̀kankan dá dúró nínú méjèèjì.

Àárò rẹ ń sọ wá, ọmọ mi. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀.

Ìyá rẹ ni.