Ewúro Ìyá Mi Tí O Hú Dànù

Alief, Houston,
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 1984.

Bíọ́lá,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le ní Katy, pé ilé tuntun yín kò sì jò. Èmi náà wà láàyè. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi yá, ara mi kò yá, ìwọ lo sì fà á. Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í kọ lẹ́tà sí èèyàn láìkọ́kọ́ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Mo ti kí ọ. Ó parí síbẹ̀.

Kó má yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí tẹlifóònù wà nílé àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti pè láti Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á mọ́ ọ létí. Bí mo bá la ẹnu, èébú ni yóò jáde, àwọn ọmọ mi sì wà nílé. Lórí ìwé, mo lè bú ọ létòlétò.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé. O mọ̀ pé mi ò sí nínú ọgbà wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí kálukú wa ti ní oko tirẹ̀, lọ́jọ́ náà, torí ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n wá bá wọn di àyè ẹnì kan tí kò wá. Ni ìwọ bá kó obìnrin márùn-ún lẹ́yìn, o ní ẹ fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀ fún mi. Bíọ́lá, ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀? Nílé wa, ẹni tó ni oko ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, òun ló ń se oúnjẹ, òun ló sì ń júwe ibi tí ọkọ́ yóò gbà. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ lẹ́yìn olóko bí ẹni ń jalè.

O ní ojú ló tì ọ́ fún mi. O ní gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́bàá oko mi ló ń rí ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀ àti igi gbígbẹ mẹ́ta tó dúró láàárín rẹ̀, wọ́n á sì máa sọ pé oko ọ̀lẹ nìyí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, kí ilẹ̀ oko mọ́ bí àgbàlá tí a gbá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ amọ̀ Alief yìí bá wà níhòòhò nígbà tí oòrùn bá dé, á sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ewé ló ń bá a mú omi dúró. Ẹ kó ewé, ẹ tún fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀. Ìgbálẹ̀, Bíọ́lá! Nínú oko! Nígbà tí mo dé lẹ́yìn ìsìn ní Sọ́ńdè, o tún ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé, “Mojí, come and see o! Oko ẹ ti di ààfin!”

Ti ewé kéré. Igi mẹ́ta yẹn ni mo ń sọ. Ewúro ni. Òtútù Kérésì tó kọjá pa ohun gbogbo nílùú yìí, títí kan páìpù omi ilé wa. Ewúro mi náà dúdú, ewé rẹ̀ re, igi rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà òyìnbó tó ń kọ́ wa ní kíláàsì ọgbà ní ilé ìkàwé ti sọ fún wa pé ohun tí òtútù bá pa, a kì í yára hú u. Ó ní kí a fi èékánná họ èèpo rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní omi tó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè nìyẹn, kí a fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi móoru. Mo họ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀mùnú méjì ti ń yọ nídìí rẹ̀, wọn ò ju orí ìṣáná lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú oko, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

O sì mọ ibi tí ewúro yẹn ti wá. Lọ́dún 1980 ni àbúrò mi Babáwálé mú un wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó fi àkísà tútù wé e, ó tì í sínú bàtà nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá wa ló ti gé e. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìyá wa kú, wọ́n sì sin ín láìsí èmi níbẹ̀, torí bí mo bá jáde ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ìwé ọwọ́ mi kò lè mú mi padà wọlé. Mi ò bu erùpẹ̀ sí pósí rẹ̀. Títí dòní mi ò tíì fojú kan sàréè rẹ̀. Bí mo bá ń fọ ewúro yẹn, tí ìfófò rẹ̀ kún inú abọ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé ìyá mi wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ pé n ò tíì fọ̀ ọ́ tó. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tó ti ilé wọn wá nìyẹn. Òun lo hú.

Ì bá sàn ká ní ọ̀lẹ ni ọ́. Ọ̀lẹ ì bá gé e lókè, kó fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ iṣẹ́ ṣe! O walẹ̀ jìn, o fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ títí kan èyí tó tín-ín-rín bí òwú, o rọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí, o sì so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀ fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó o lọ sí ààtàn ìlú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Sọ́ńdè kó gbé mi dé ibẹ̀. Ó ní, “Auntie, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Katakata ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. E don finish.” Mo padà sínú oko, mo kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn mi, mo ń fi ọwọ́ tú ilẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ lo ti wá bá mi. Dípò kí o bẹ̀ mí, o dúró lé mi lórí, lójú gbogbo obìnrin tó bá ọ ṣiṣẹ́ ibi, o ní, “Ó tó gẹ́ẹ́, Mojí! Ká ní o fún wa ní igi kan nígbà tá a bẹ̀ ẹ́, ṣé wàá máa tú ilẹ̀ báyìí? You are too stingy!” Shakirat fi ọwọ́ bo ẹnu, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń bò. Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ dànù, mo lọ. Mo ṣépè fún ọ nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Mo da gbogbo Katy pọ̀ mọ́ ọn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń ro ahun tí o pè mí yẹn tọ̀sán-tòru. Ní oṣù Kẹwàá, o wá sílé mi tìwọ ti ọ̀rá lọ́wọ́, o ní kí n gé igi ewúro kan fún ọ kí o lọ gbìn ín. Mo ní kò tíì gbó. Irọ́ ni mo pa. Ó ti gbó, ó ti ń tanná pàápàá. Mo pa irọ́ kan náà fún Shakirat, mo pa á fún Rónkẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé èmi nìkan ló ní in, pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ewúro, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbà. Ká ní mo fún ọ ni, ǹ bá wakọ̀ wá sí Katy lónìí, ǹ bá bú ọ dáadáa, ǹ bá sì gé tèmi padà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀fẹ́ ni kíláàsì tí mo ń sọ yìí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ẹni tó bá kọ́ ọ fi ogún wákàtí kọ́ àwọn ẹlòmíràn nínú ọgbà àdúgbò. Mo kọ ogún wákàtí sínú ìwé wọn, mo buwọ́ lù ú. Oko ara mi ni mo fi gbogbo rẹ̀ ro. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú yín pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni tòmátò ń wọ ilẹ̀ níhìn-ín, torí bí ooru oṣù Kẹfà bá bá a, òdòdó rẹ̀ á máa re láìso. Mo rí yín tí ẹ ń gbin ilá nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, mo ń wò yín níran. Mi ò sọ ti èékánná fún yín. O hú ewúro mi torí pé o kò mọ̀, o kò sì mọ̀ torí pé mi ò fẹ́ kí o mọ̀.

Má rò pé mo ń bẹ̀ ọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ó tún ń bí mi ju ti Sọ́ńdè lọ, torí òótọ́ lo sọ, o sì sọ ọ́ lójú èèyàn.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lórí freeway tí o ti ń sáré àsápajúdé. Kí ó dá àwọn ọmọ rẹ sí. Kí tòmátò rẹ so. Mi ò ní kó so ju tèmi lọ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ títí di Sátidé,
Mojí.

Àfikún: Kíláàsì tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́, ní ilé ìkàwé. Mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ogún wákàtí yẹn fún ìyá àgbà òyìnbó, ó sì ní èmi ni kí n kọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn obìnrin márààrún. Iwájú ni kí o jókòó sí. Mi ò ní kí ọ, má sì kí mi. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé mo fẹ́ fo nǹkan kan, na ọwọ́ sókè, kí o bi mí lójú gbogbo wọn.