Káàdì Ìwọlé Bàbá Rẹ

Corinne,

Bí o bá rí i pé agolo tí eérú ara bàbá rẹ wà nínú rẹ̀ kò sí lórí pẹpẹ mọ́, má wá a kiri. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Má bínú pé mi ò jí ọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti lọ gba àyè àgọ́ wa àtijọ́ lẹ́bàá adágún. Ìkùukùu bo omi náà bí aṣọ àlà, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé bàbá rẹ ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo na káàdì àgbàlagbà rẹ̀, tí kì í jẹ́ ká sanwó ìwọlé, sí Dolores, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà ìpàgọ́ náà.

Ó ní, "Lorna, o mọ òfin. Ẹni tó ni káàdì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀."

Mo ní, "Ó wà níbí." Mo fọwọ́ kan agolo náà, tí mo fi bẹ́líìtì dè mọ́ ìjókòó.

Ó wo agolo náà títí. Ó sọ fún bàbá rẹ pé, "Everett, ìwọ tó máa ń bá mi jiyàn lọ́dọọdún, o wá dákẹ́ báyìí?" Ó sì ṣí ọ̀nà fún wa.

Fìlà ìpẹja bàbá rẹ ni mo padà wálé wá mú, mo sì tún ń padà lọ sí adágún báyìí. Owó àgọ́ tí mo san kò kan ọkọ̀ tìrẹ o. Bí o bá ń bọ̀, ra ìwé ìwọlé lọ́wọ́ Dolores, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú. Káàdì bàbá rẹ kò lè mú ọkọ̀ méjì wọlé.

Mú kọfí dání. Ìrọ̀lẹ́ la máa da eérú náà sómi. Mi ò ní ṣí agolo náà kí o tó dé.

Màmá rẹ