Omi Tí Mo Ń Bù fún Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Manchester. Òjò ń rọ̀, bíi ti àná, bíi ti ìjẹta. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ máa ń tọrọ fún mi nínú àdúrà ti bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́.

Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ ni mo wà. Àwọn kan wà nínú wọn tí òùngbẹ wọn kì í tán. Wọ́n á mu omi ẹ̀rọ títí, wọ́n á tún wọ balùwẹ̀ lọ mu sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n wọ́n láàárọ̀, tí a tún ń wọ̀n wọ́n nírọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé wúwo láàárín ọjọ́ kan, omi ni. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, gìrì á sì gbé e.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní èyí, mo sá jáde ní kíláàsì. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì búlúù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, lásìkò tí orí yín ò pé mọ́, tí òùngbẹ yín náà kì í tán? Èmi ni mo ń pọnmi kún un. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí pé mo mọ ìyá tọ́jú. Nígbà tí gìrì gbé yín, tí ẹ ò jí mọ́, a ní aráyé ló ṣe yín.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n, àbí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gba bàbá Yorùbá kan wọlé láti Gorton, àdúgbò kan níbí, bàbá arúgbó. Mo kí wọn dáadáa, wọ́n wúre fún mi, ara mi sì wálé. Ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, wọ́n kọ̀, wọn ò gun ìwọ̀n. Ojú ń tì wọ́n kí ọmọdé máa wọ̀n wọ́n bí àpò ìrẹsì. Ojú ń ti èmi náà. Mo bá kọ iye tàárọ̀ sílẹ̀ fún tìrọ̀lẹ́. Ọ̀wọ̀ àgbà wo nìyẹn, Màámi? Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì, tí wọ́n ń gbọ̀n. Wọn ò tíì lajú títí di òní.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Bóyá iṣẹ́ á lọ, bóyá visa á tẹ̀ lé e, mi ò mọ̀. Lọ́la, ọmọbìnrin bàbá ń bọ̀. Ó ti ń fi ẹkún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí fóònù pé mo tọ́jú bàbá òun. Màá sọ ohun tí mo ṣe fún un lójúkojú.

Òun lè bú mi, ó sì lè dárí jì mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Gbogbo ife omi tí mo bù fún yín pátá lẹ súre fún mi lé lórí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.