Ilé Bàbá Rẹ Kò Mì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oorun sùn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbá òkúta níbi tí ò ń sáré sí, kí ó má sì jẹ́ ká gbọ́ ohun tí kò dáa nípa rẹ láyé. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Àgbébọ̀ pupa yẹn ti pamọ, òjò ò sì tíì ba òrùlé jẹ́. Télọ̀ òdìkejì ilé ní kí n kí ọ, ó ní o kì í kí òun lórí fóònù mọ́, ṣùgbọ́n òun ti dárí jì ọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí o rán bàbá rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. Nígbà tí o sọ pé ọ̀gá rẹ níbi tí ẹ ti ń ṣe fídíò máa gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá bí o bá lè ṣe fídíò ilé kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí bàbá rẹ sì bá ọ ya ilé wa láti orí títì wọlé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi télọ̀, télọ̀ náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó wá rán aṣọ. Gbogbo àdúgbò ló ń bá ọ gbàdúrà. Bàbá rẹ gbé fóònù láti ìdájí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n dúró, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n dúró, wọ́n tún yà á, títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀nà tí èèyàn ò ní sín lẹ́ẹ̀mejì kó tó rìn ín tán ni wọ́n fi odidi ọjọ́ rìn. O ní wàá to gbogbo fọ́tò yẹn pọ̀ kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé ara wọn, kí ọjọ́ kan lè kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Mo bi bàbá rẹ pé bó bá jẹ́ kíákíá ni ọ̀gá yẹn ń fẹ́, kí ló dé tí wọn ò kúkú sáré wọlé? Wọ́n ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Èmi tí mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan rédíò!

Àfi bí o ṣe pè lọ́jọ́ kẹta tí ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni fẹ́ sunkún. O ní fídíò ń mì, ilé ń mì, ó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ọ̀mùtí, o ti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe títí, kò gbọ́, ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá sì fẹ́ rí i. Ọmọ mi, o ò bá má sọ ọ́ báyẹn. Ṣé o gbàgbé pé bíríkìlà ni bàbá rẹ ni? Ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ, tí wọ́n fi orí ara wọn ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ni ọmọ bíbí inú wọn ń sọ lórí fóònù pé ó ń mì. Wọ́n gbé fóònù fún mi. Wọ́n lọ mú okùn ìwọ̀n wọn tó ní irin nísàlẹ̀, wọ́n fi wọn gbogbo ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òòlù kan ìpìlẹ̀, wọ́n fetí sí i. Wọ́n ní kí n dúró sí pálọ̀ kí n fò. Mo fò. Wọ́n ní ṣé mo rí i pé ilé mì? Mo ní ife orí tábìlì nìkan ló mì. Wọ́n ní ife kì í ṣe ilé. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí mo mọ̀ bí o ti ṣe wá iṣẹ́ yìí tó, mo sì mọ̀ pé bó bá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ, títí ayé ni bàbá rẹ á máa sọ pé àwọn ló bà á jẹ́ fún ọ. Ni mo bá rọra bi wọ́n pé kí ni o sọ fún wọn gan-an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní o ní kí àwọn mú nǹkan kan tí kì í kúrò lójú kan, kí àwọn máa fi í sí àárín fóònù nígbàkígbà tí àwọn bá fẹ́ ya fọ́tò, pé ohun yẹn ni kọ̀ǹpútà máa dì mú tí gbogbo ìyókù á fi dúró jẹ́ẹ́. Mo ní ó dáa, kí wá ni wọ́n mú? Mo rò pé wọ́n á ní ilẹ̀kùn ni, tàbí fèrèsé. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

“Ìwọ ni,” ni wọ́n wí.

Mo ní èmi kẹ̀?

“Ọmọ ní kí n wá ohun tí kì í yẹ̀. Mo wo ilé, mo wo ìta. Ìwọ nìkan ni mo rí.”

Ọmọ mi! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn sí mi rí. Ó sì wá jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe ohun tí kì í yẹ̀ yẹn gan-an, ìdí mi ò kan ilẹ̀. Mo sá aṣọ, mo lé adìẹ, mo gbá iwájú ilé, mo sọdá sọ́dọ̀ télọ̀ láti lọ sọ fún un pé iṣẹ́ ń lọ déédéé. Gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni bàbá rẹ ń yí fóònù sí, ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ fi wà nínú fídíò ilé wa. Ilé ò mì, èmi ni mò ń rìn kiri. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Nígbà tí mo pè ọ́ tí mo ṣàlàyé, o rẹ́rìn-ín bí ẹni máa kú, o ní kò burú, o ti mọ ọ̀nà rẹ̀ báyìí. O ní èmi náà ni wàá fi ṣe àárín, kọ̀ǹpútà á wá mi rí nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, á fi mí sójú kan, kò ní jẹ́ kí n yẹ̀ rárá, kí ilé àti igi àti oòrùn wá máa yí mi po. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo tún un rò: bí ìrìn mi ìjọ́sí bá lè mi odidi ilé, kí ni ìrìn mi máa fà nígbà tí ò ń tún un ṣe lọ́wọ́? Ni mo bá gbé àga síwájú ilé, mo jókòó. Bàbá rẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ àga po kí ẹnikẹ́ni má bàa sún un. Bí imú bá ń yún mi, àwọn ló ń bá mi họ ọ́. Télọ̀ kí mi, ojú ni mo fi dá a lóhùn, ó ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lára nítorí ọmọ mi fẹ́ ríṣẹ́. Bí o bá rí i tí nǹkan gbọ̀n díẹ̀ níbì kan nínú fídíò, má bínú, ìgbà tí mo lọ sẹ́yìnkùlé ni, mo sì sáré.

Àná ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sórí fóònù. Bàbá rẹ kà á sókè, wọ́n tún un kà, wọ́n ní kí télọ̀ wá kà á kí ó lè dá àwọn lójú. Pé ọ̀gá wo fídíò náà, ó tún un wò, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, kí ilé máa jó yí obìnrin kan po láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí obìnrin náà má sì yẹ̀. Pé kí o máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ ti di tìrẹ. Háà, ọmọ mi, o ti dé ibẹ̀. Télọ̀ gbàgbé pé òun ń bínú sí mi, ó gbé orin, bàbá rẹ mú ijó, àwọn méjèèjì ń jó yí mi po.

Èmi nìkan ni mi ò jó. Kí n má purọ́, ẹsẹ̀ ń yún mi. Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ pé o ti tú mi sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí n gbéra kí nǹkan dàrú lójú ọ̀gá rẹ kó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti sanwó fún ọ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra tìmùtìmù, àga yìí le kọjá bó ṣe yẹ. Fi ti bàbá rẹ kún un, wọ́n ti gbé àga tiwọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti àárọ̀, wọ́n ní àwọn náà ò lọ ibì kankan. Kí o sì pè wọ́n, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé ilé wọn kò mì. Wọn ò ní sọ fún ọ pé ohun tí àwọn ń retí nìyẹn, ṣùgbọ́n fóònù ò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ náà á tọ́jọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tó máa wo ilé, tó máa wo ìta, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló máa rí.

Èmi ni, ìyá rẹ. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, dákun, sọ fún kọ̀ǹpútà yẹn kó fi mí sílẹ̀, ijó ọmọ mi ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.