Àyẹ̀wò Ẹwàolúwa Tí Mo Bá A Ṣe

                                        Ilé Akíndèjì,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Ìwárò,
                                        Ọ̀kà-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Gbóyèga, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé ṣọ́ọ̀kì,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìfira? Ìyá Gift ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́? Gift fúnra rẹ̀ ńkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tuntun? Mo bá yín yọ̀ gan-an ni. Ọlọ́run tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà yóò sìn ín wọlé. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o. Mo gbọ́ pé iná ìgbẹ́ jó dé etí oko ẹ̀gẹ́ rẹ. Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi kò ru bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbé e sókè.

Nígbà tí o pè mí, o ní kí n dákun bá Gift ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù tí yunifásítì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tuntun, pé bí mo ti sọ fún ọ pé mo ṣe ti Ẹwàolúwa ọmọ mi ni kí n ṣe bá ọ ṣe tirẹ̀. Mo ní kò burú, n óò pè ọ́ padà. N kò pè. O ti pè mí títí, mò ń wo fóònù bó ṣe ń dún. Kì í ṣe ìgbéraga, ọ̀rẹ́ mi. Ojú ló ń tì mí. Ẹnu mi kò gbé ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi ti Ẹwà ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé kò sí àṣeyege níbẹ̀, kò sí ìjákulẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ yẹ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n mọ ibi tó kù sí, kí wọ́n lè fi í sí kíláàsì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkàrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ẹnì kan wá sọ fún mi pé ìdánwò kan wà láyé yìí tí kò ní ìjákulẹ̀! Mo ní ẹ̀tàn ni, wọ́n fẹ́ fi mọ olódo ni. Ọmọ Tíṣà Akíndèjì kò sì gbọdọ̀ sí láàárín olódo. Ẹwà ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi, kò le.” Mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ gé ilá.

O mọ̀ mí. Èmi tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní Ojú Àwòdì, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ìwé ẹnì kejì níṣojú mi. Ìwọ gan-an máa ń bẹ̀ mí pé kí n fojú fo díẹ̀. Èmi yìí náà ni mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, tí mo jókòó ti fóònù ọmọ mi.

Ìwé kíkà, mo gbá a mọ́lẹ̀. Àròkọ, àfi bí ẹni ń mumi. Ó wá ku gbígbọ́. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Gẹ̀ẹ́sì nínú fóònù, ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni tí nǹkan ń lé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wa ń ké lóde. Mo gbé fóònù sí etí ọ̀tún, mo gbé e sí tòsì, n kò gbọ́ ohun tó nítumọ̀. Ǹ bá pe Ẹwà, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ọmọ wá bá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Mo kàn ń tẹ ìdáhùn tó bá wù mí.

Nígbà tí èsì dé, orúkọ Ẹwàolúwa ló wà níbẹ̀: kíkà dára púpọ̀, kíkọ dára púpọ̀, gbígbọ́ kò dára rárá. Wọ́n fi í sí kíláàsì gbígbọ́. Ó ka èsì náà, ó wò mí, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó bò mí láṣìírí, ó ń lọ sí kíláàsì tí kò nílò. Ọmọ tó ń wo fíìmù Òyìnbó láàárọ̀ lálẹ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti ṣẹ̀fẹ̀!

Ìròyìn kì í pẹ́ dé Ìwárò. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ṣe jáde ìsìn, Paul tó ń darí akọrin wa pariwo láàárín èrò pé, “Ọmọ Tíṣà wa ni wọ́n ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì! Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti ń yá ọ̀bẹ lò!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹwà sorí kọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, ti Ẹwà wọ́. Mò ń tún bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe. Gbóyèga, kò sí ohun tó ṣe bọ́tìnnì náà. Títí di òní, bí mo bá rántí bí ọmọ yẹn ṣe sorí kọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Kò parí síbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ àròkọ kan. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí èmi kò lè dé. Ẹwà fìdí rẹmi. Mo gba ìwé náà wò, gbólóhùn rẹ̀ kò lórí, kò nídìí. Mo fẹ́ bínú, àfi bí mo ṣe rántí pé n kò rí àròkọ tí ọmọ yìí dá kọ rí. Láti kékeré ló ti ń gbé iṣẹ́ àmúrelé wá pé kí n bá òun wò ó, èmi a sì bá a wò ó títí ohun tó kọ kò fi ní í sí níbẹ̀ mọ́. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Bàbá, kíláàsì ìkọ̀wé ni mo nílò, wọn ò gbà mí síbẹ̀. Wọ́n ní èsì mi fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n kọ ju gbogbo wọn lọ. Tí mo bá tún féèlì èyí tó ń bọ̀, wọ́n á yọ mí ní dìpátímẹ́ǹtì.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó àyẹ̀wò náà. Ta ni mo bá ní ọ́fíìsì? Màrdíyyàh! O rántí rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí mo fa ìwé rẹ̀ ya nítorí pé ó fi ìdáhùn han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti di dókítà ìwé. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ń sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé èmi ni mo kọ́ òun pé kí èèyàn má ṣe jíwèé wò. Mo ní kó jọ̀wọ́ dìde. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo dà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ Ẹwàolúwa la fẹ́ fà, apá tiyín lẹ nà sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Oògùn tiyín lọmọ ń mu láti ọjọ́ yìí, àìsàn tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀.” Ó ní kí Ẹwà wá tún un ṣe níṣojú òun. Ẹwà ṣe é. Gbígbọ́ rẹ̀ kò lábùkù, ìkọ̀wé ló kù sí. Wọ́n ti gbà á sí kíláàsì ìkọ̀wé báyìí. Àròkọ tó kọ́kọ́ kọ níbẹ̀ tó mú wálé kún fún àṣìṣe, ó sì ń kà á fún ìyá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọwọ́ ń yún mi láti gba báírò, ni mo bá sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti sọ fún Paul náà níwájú gbogbo akọrin pé etí mi ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ọmọ. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Nítorí náà, má bínú sí mi, n kò ní í bá Gift ṣe é. Fi fóònù lé e lọ́wọ́, kí ìwọ àti ìyá rẹ̀ gba oko lọ. Bí wọ́n bá ní ó kù síbì kan, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti dì í mú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú rẹ, má ṣe wo bọ́tìnnì.

Bá mi kí ìyá Gift gidigidi, kí o sì bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìfira. Lẹ́tà yìí, ìwọ nìkan ni kó kà á.

Ó ku ọ̀kan. Màrdíyyàh ní ẹni tó bá wù ú lè ṣe àyẹ̀wò náà. Lánàá, Ẹwà ṣí i fún mi, ó kọ orúkọ tèmi sí i, ó sì fi íápíìsì sí mi létí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kó jọ̀wọ́ jókòó tì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ lọ gé ilá.” Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ṣì ń tì,
Clement Akíndèjì